Ilà Tó Jìn Lára Ọkọ̀: Ìbọn Ọ̀dà àti Ọ̀rọ̀ Omi

Láàárín àwọn òkè tó yí Ìrẹ̀sì ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró, ohun tó lè ha ọkọ̀ lára kò lóǹkà. Ẹ̀ka igi a máa yọrí sójú títì lẹ́yìn òjò. Ọlọ́kadà á sún mọ́ ọkọ̀ jù lọ́jọ́ ọjà, ọwọ́ ọ̀kadà rẹ̀ á sì fa ilà láti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé ti iwájú. Ti àwọn ọmọ tó ń fi ìṣó kọ orúkọ sára bọ́nẹ́ẹ̀tì tún wà níbẹ̀. Bí ọlọ́kọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ pẹ́ńtà, ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹnu rẹ̀ jáde ni pé, “Ẹ bá mi fi ọ̀dà bò ó.” Pẹ́ńtà kan lè bò ó lóòótọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Àmọ́ bí omi bá wà lábẹ́ ohun tó fi bò ó, kò ní pẹ́ tí ojú ibẹ̀ yóò fi wú.

Ọ̀dà ara ọkọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ ri odindi ara irin náà bọ inú àgbá ńlá kan tí ọ̀dà kún, wọ́n á sì tan iná mànàmáná sí i. Iná yìí ló ń fa ọ̀dà mọ́ irin títí dé kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ kò lè dé, ọ̀dà yìí sì ni odi tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Práímà ló tẹ̀ lé e, tó sábà máa ń ní àwọ̀ eérú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọ̀ tí gbogbo ayé ń rí, tí òun gan-an tín-ín-rín púpọ̀: nǹkan bí máíkírọ́ọ̀nù 15. Kílíà ló wà lókè pátápátá, máíkírọ́ọ̀nù 40 sí 50. Kò láwọ̀, àmọ́ òun ló ń dán, òun ló sì ń gba oòrùn dúró fún àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò sábà ju máíkírọ́ọ̀nù 100 sí 150 lọ, bẹ́ẹ̀ máíkírọ́ọ̀nù 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Ìṣó ọmọdé ò nílò agbára kankan láti la gbogbo rẹ̀ já.

Nítorí náà, kí ẹ tó náwó, ẹ wo ìsàlẹ̀ ilà náà. Ẹ da omi díẹ̀ sí i. Bí ilà bá pòórá nígbà tó tutù tó sì tún yọjú nígbà tó gbẹ, inú kílíà ló mọ. Kọ́ńpáǹdì tí wọ́n fi ń dán ojú ọkọ̀ àti aṣọ rírọ̀ á tó o. Bí èékánná yín bá há sínú rẹ̀ nígbà tí ẹ fà á kọjá, ó ti jìn. Bí ẹ bá rí àwọ̀ eérú, ó ti dé práímà. Bí ẹ bá rí ohun tó ń dán bí irin, irin náà ni. Ti bọ́ńpà yàtọ̀. Ike ni, kì í dípẹtà, ẹ lè fi sílẹ̀ títí owó yóò fi jáde.

Irin kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Ìpẹtà máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ, nítorí náà bó ṣe ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà ni yóò máa ti ọ̀dà tó wà lẹ́bàá rẹ̀ sókè, omi á tún rí ọ̀nà wọlé. Ilà tó tín-ín-rín lóṣù kẹrin lè ti fẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀dà kí òjò tó dáwọ́ dúró lóṣù kẹwàá, ojú lásán kò sì ní rí i. Bí ọ̀dọ̀ pẹ́ńtà kò bá tíì yá, ẹ nu ibẹ̀ kó gbẹ dáadáa nínú oòrùn, kí ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì tí kò láwọ̀ kùn ún lójú. Kò lẹ́wà, kò sì ní pẹ́, àmọ́ yóò ra ọ̀sẹ̀ mélòó kan fún yín. Kí ẹ sọ fún pẹ́ńtà pé ó wà níbẹ̀, kó lè ha á kúrò.

Iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀ láti ara sáńpépà. Wọ́n á fi í ha ilà náà títí tí etí ọ̀dà tó yí i ká yóò fi rọra dà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ wọnú irin, láìsí àkàsọ̀ tí ọwọ́ lè mọ̀. Bí ibẹ̀ bá tẹ̀ wọnú tàbí tó jìn, wọ́n á po fílà tí wọ́n fi ń dí i mọ́ hádínà tó ń mú un le, èyí tí kì í ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ibi tí mo ti ń bá ọ̀pọ̀ pẹ́ńtà ẹ̀bá títì jà rèé: wọ́n á da omi sórí fílà kí sáńpépà lè máa yọ̀. Ẹ̀tù pọ̀ nínú fílà, ó sì ń mumi. Omi tó bá mu, abẹ́ práímà ni yóò gbé, irin ni yóò sì bá ṣọ̀rẹ́. Gbígbẹ ni kí wọ́n fi ha fílà, kí eruku rẹ̀ máa fẹ́ lọ. Omi lè wá lórí práímà tó ti gbẹ, nígbà tí wọ́n bá ń fi sáńpépà 400 tàbí 600 tún ojú rẹ̀ ṣe.

Ìbọn ọ̀dà ló kàn. Ọ̀dọ̀ dókítà ló ti wá. Allen DeVilbiss, oníṣègùn ní ìlú Toledo ní Ohio, Amẹ́ríkà, ló ṣe ohun èlò kékeré kan tí wọ́n fi ń fín oògùn sí ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn, ó sì dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1888. Ọmọ rẹ̀, Thomas, ló sọ ọ́ di ìbọn tí ń fín ọ̀dà ní 1907. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ṣì fi ń kun ọ̀pọ̀ ọkọ̀ nígbà náà, ọkọ̀ kan sì lè wà nídìí ọ̀dà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ DuPont gbé Duco jáde, tí wọ́n fi kun ọkọ̀ Oakland ti ọdún 1924, ọ̀dà yẹn yára gbẹ ju ohun tí búrọ́ọ̀ṣì lè bá lọ. Ó di dandan kí wọ́n máa fín in.

Bí pẹ́ńtà bá fi ìka fa ìbọn náà díẹ̀, atẹ́gùn nìkan ló máa jáde. Bó bá fà á dé ìdí, abẹ́rẹ́ tó dí ihò ọ̀dà á sún sẹ́yìn. Atẹ́gùn ń sáré jáde láti ibi tó yí ihò yẹn ká, agbára tó fi ń ti nǹkan á sì dín kù níbẹ̀, ni ọ̀dà á bá máa gòkè láti inú ife tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ti lo Fílíìtì tí wọ́n fi ń pa ẹ̀fọn láyé àtijọ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é rí. Àwọn ìbọn ìsinsìnyí máa ń gbé ife sórí, kí ọ̀dà lè sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Atẹ́gùn ló ń fọ́ ọ̀dà sí wẹ́wẹ́. Ìwo kéékèèké méjì tó wà lójú ìbọn, tí ihò wà lára wọn, ló ń fẹ́ atẹ́gùn láti ọ̀tún àti òsì, tí ọ̀dà tó ń bọ̀ ní róbótó á fi di pẹlẹbẹ. Sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 ló yẹ kó wà láàárín ìbọn àti ọkọ̀. Bó bá sún mọ́ jù, ọ̀dà á ṣàn. Bó bá jìnnà jù, á ti gbẹ lófuurufú, ojú ọkọ̀ á sì rí ṣákaṣàka.

Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó ń fún ìbọn ní atẹ́gùn ni omi tún ń gbà yọ́ wọlé. Atẹ́gùn àsìkò òjò kún fún omi: bó bá gbóná dé ìwọ̀n 30 lórí Celsius, ó lè gbé tó gíráàmù 30 nínú àyè tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní mítà kọ̀ọ̀kan. Bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá fún un pọ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́jọ àyè rẹ̀, tó sì tutù padà, ọ̀pọ̀ jù lọ omi yẹn kò ráyè mọ́, ìsàlẹ̀ táǹkì ni yóò já sí. Ẹ̀rọ tó ń fa lítà 200 níṣẹ̀ẹ́jú kan lè kó nǹkan bí ìdajì ọ̀rá píọ̀wọ́tà jọ láàárín wákàtí kan. Bí omi náà bá bá ọ̀dà jáde, ojú ọkọ̀ á kún fún ihò róbótó bí ojú ẹja, tàbí kí ó funfun. Kọ́kọ́rọ́ kékeré wà lábẹ́ táǹkì tí wọ́n ń ṣí fún omi láti jáde. Ẹ béèrè lọ́wọ́ pẹ́ńtà yín ìgbà tó ṣí i kẹ́yìn.

Ti àwọ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Lára Toyota, ẹ máa rí C/TR lórí sítíkà, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni ti ọ̀dà: 040 ni funfun tí wọ́n ń pè ní Super White, 202 ni dúdú. Nọ́ńbà nìkan kò tó fún tòkunbọ̀ tí oòrùn ti jẹ, tàbí tí wọ́n ti kùn kó tó wọkọ̀ ojú omi. Kí pẹ́ńtà kọ́kọ́ fín díẹ̀ sára páànù, kó gbẹ, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ nínú oòrùn. Àwọ̀ fàdákà ló le jù, torí ègé irin wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, bí wọ́n bá sì ṣe sùn sílẹ̀ nígbà fínfín ni ojú yóò ṣe rí wọn. Pẹ́ńtà tó gbọ́n á jẹ́ kí àwọ̀ náà rọra parẹ́ sínú ti àtijọ́, á sì fín kílíà sórí odindi ilẹ̀kùn, dípò kó dáwọ́ dúró láàárín.

Hádínà tí wọ́n ń pò mọ́ kílíà ní isocyanate nínú, ó sì lè fa ikọ́ fée fún àwọn tó ń fa èéfín rẹ̀ sínú. Aṣọ tí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ń so mọ́ imú kò dá a dúró rárá. Ó kéré tán, ìbòmú tó ní èédú nínú ló yẹ wọ́n, owó rẹ̀ sì yẹ kó wà nínú owó iṣẹ́ tí ẹ ń san.

Kílíà tuntun á gbẹ lójú láàárín ọjọ́ kan, àmọ́ tínà ṣì ń jáde nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fọ ọkọ̀ ní àsìkò yẹn, kí ẹ má sì fi wáàsì kùn ún títí oṣù kan yóò fi pé.