Ó lè fò bí ẹyẹ, ṣùgbọ́n kò rí owó ilé san: Bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń fi owó péréte ṣe fíìmù akọni apanilẹ́rìn-ín

Ká sọ pé ọ̀dọ́kùnrin kan ń gbé àdúgbò Tanke, nílùú Ìlọrin. Ó ti jáde ní yunifásítì láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ṣùgbọ́n títí di bá a ti ń wí yìí, kò rí iṣẹ́ gidi kan ṣe. Lóru ọjọ́ kan, agbára àrà ọ̀tọ̀ ṣàdédé bà lé e. Ó lè fò bí ẹyẹ, ó lè fọwọ́ kan gbé mọ́tò, ìbọn kò sì ràn án. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tí ì mọ́ tán tí lándílọ́ọ̀dù fi kanlẹ̀kùn, tó ní owó ilé ti pé, àti pé bí kò bá sanwó kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kó kó ẹrù rẹ̀ síta. Kí ni agbára ọ̀hún fẹ́ ṣe sí èyí?

Ìbéèrè yìí ni fíìmù akọni apanilẹ́rìn-ín dúró lé lórí. Àwọn akọni tí à ń wí kì í ṣe jagunjagun ayé àtijọ́ o. Àwọn tí ọmọdé mọ̀ bí ẹní mowó ni, Superman tó ń fò lófuurufú, Spider-Man tó ń gun ògiri bí aláǹtakùn, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Nínú àwọn fíìmù ńláńlá tó ń ti Amẹ́ríkà wá, odindi ayé ló fẹ́ parẹ́ tí akọni fi ń jà. Nínú ti apanilẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ kéré sí ìyẹn, ó sì tún le jù ú lọ. Akọni ń wáṣẹ́, gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń bi í léèrè ìgbà tó máa mú ìyàwó wálé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń lọ sí Kánádà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe tuntun. Nígbà tí Stan Lee àti Steve Ditko dá Spider-Man sílẹ̀ nínú ìwé aláwòrán lọ́dún 1962, ọmọ ilé-ìwé tí kò lówó lọ́wọ́ ni wọ́n fi ṣe. Nínú ìwé kan tó jáde lọ́dún 1963, ọmọ náà ṣeré fún èrò ìwòran, wọ́n kọ sọ̀wédowó fún un lórúkọ Spider-Man, ó sì gbé e lọ sí báǹkì. Òṣìṣẹ́ báǹkì ní kó mú ìwé ìdánimọ̀ wá láti fi hàn pé òun ni Spider-Man lóòótọ́. Níbo ni yóò ti rí i? Bí owó náà ṣe bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ti tò sí báǹkì rí nílẹ̀ yìí nítorí pé orúkọ tó wà lórí BVN rẹ̀ kò bá ti NIN mu, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé àwàdà yẹn fún un.

Nàìjíríà náà ti ní akọni inú ìwé tipẹ́. Lọ́dún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé aláwòrán kan tí wọ́n ń pè ní Powerman níbí, akọni aláwọ̀ dúdú ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn òyìnbó ti ń kọ ọ́ tí wọ́n sì ń yà á. Brian Bolland àti Dave Gibbons, tí wọ́n di gbajúmọ̀ ayàwòrán lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tó di ọdún 2013 ni ilé-iṣẹ́ Comic Republic bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ l'Ékòó, tí wọ́n gbé Guardian Prime jáde, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Tunde Jaiye, tó jẹ́ pé iṣẹ́ aṣọ ló ń ṣe nígbà tí kò bá gba àwọn èèyàn sílẹ̀. Lọ́dún 2015, Roye Okupe fi owó ara rẹ̀ àti ti àwọn tó dá owó jọ fún un gbé E.X.O. jáde, ìtàn Wale Williams.

Ìwé yàtọ̀ sí fíìmù ṣá. Ẹni tó ń yàwòrán lè fi pẹ́ńsù wó ilé alájà ogún, kò ní í ná an ní kọ́bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nínú fíìmù ni yóò mọ iye tó ń ná ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń jáwọ́, tí wọ́n á ní iṣẹ́ olówó ni, kì í ṣe tiwa. Ìtàn ìlú Malegaon kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Maharashtra, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ni Malegaon wà. Ara Ìlọrin tó bá débẹ̀ kò ní í ṣàjèjì púpọ̀. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, iṣẹ́ aṣọ híhun ni wọ́n sì fi mọ ìlú náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ oníná ni àwọn fi ń hun tiwọn, tí kì í ṣe òfì ọlọ́wọ́ bíi ti àwọn ahunṣọ-òkè Ìlọrin. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nasir Shaikh ní ilé kan níbẹ̀ tó ti ń fi fídíò han èèyàn gbowó. Fíìmù ẹlòmíì ló ń fi hàn, títí tó fi rò ó pé òun náà lè ṣe tòun. Ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, kò sí ẹni tó kọ́ṣẹ́ fíìmù nínú wọn, wọ́n sì sín Sholay jẹ, fíìmù Íńdíà tí gbogbo ayé mọ̀, ní nǹkan bí ọdún 2000. Ìlú náà wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn èyí ni Nasir ní Superman ló kù.

Ta ni yóò ṣe Superman? Shafique Shaikh, òṣìṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ. Superman tí gbogbo ayé mọ̀ gbórín bí ìrókò, Shafique sì tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé kó tó la ẹnu rárá ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀tá rẹ̀ nínú eré náà kì í ṣe ẹni tó ti inú ìràwọ̀ wá. Olówó kan tó ń ta tábà ni, tó fẹ́ kí ìlú dọ̀tí kí àwọn èèyàn lè rí ibi tu itọ́ tábà sí. Ìṣòro tí ará Malegaon ń rí lójoojúmọ́ ni akọni wọn ń bá jà.

Fífò ló fẹ́ẹ̀ lé wọn padà. Nasir gbọ́ nípa ọgbọ́n aṣọ àwọ̀ ewé, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń lò. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le: ẹ ó ta aṣọ aláwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ dáadáa sẹ́yìn òṣèré, òṣèré á nà gbalaja bí ẹni tó ń fò, kọ̀ǹpútà á sì yọ gbogbo ohun tó bá ní àwọ̀ ewé yẹn kúrò, yóò fi àwòrán òfuurufú rọ́pò rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí òṣèré má ṣe wọ ohunkóhun tó jọ àwọ̀ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apá kan ara rẹ̀ á pòórá pẹ̀lú aṣọ. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kámẹ́rà já sómi, gbogbo nǹkan dúró. Ìgbéyàwó Shafique tún bọ́ sí àárín àsìkò tí wọ́n ń ya eré náà, Superman ní láti lọ di ọkọ ìyàwó. Faiza Ahmad Khan ń tẹ̀ lé wọn kiri pẹ̀lú kámẹ́rà tirẹ̀, òun ló ṣe Supermen of Malegaon, fíìmù tó sọ bí wọ́n ṣe ṣe fíìmù wọn.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ rèé. Bí Superman Amẹ́ríkà bá ń fò tí okùn tí wọ́n fi so ó hàn, àṣìṣe ni. Bí ti Malegaon bá hàn, ẹ̀rín ni. Àwàdà ló ń bo ojú àìlówó, kódà àìlówó gan-an ló ń bí àwàdà. Nabwana I.G.G. mọ èyí ní Wakaliga, àdúgbò àwọn tálákà kan ní Kampala, níbi tó ti ṣe Who Killed Captain Alex? lọ́dún 2010. Àpapọ̀ owó tí wọ́n ní ó ná an kò ju igba dọ́là lọ. Irin àlòkù ni wọ́n fi rọ ìbọn, ọkùnrin kan sì ń sọ̀rọ̀ lé fíìmù náà lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń fi àwọn òṣèré ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn Ikorodu Bois náà mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọ Ìkòròdú tí wọ́n ń fi ohun èlò inú ilé sín àwọn fíìmù olówó ńlá jẹ, títí tí Netflix fi kó irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn lọ́dún 2020. C.J. Obasi kò ṣe ti ẹ̀rín ní tirẹ̀, ẹ̀rù ló fi Ojuju dà bo àwọn èèyàn, láìsí owó gidi kan lọ́wọ́, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ fíìmù Nàìjíríà tó dára jù níbi àjọ̀dún AFRIFF ọdún 2014.

Àwọn ọgbọ́n mìíràn kò tilẹ̀ fẹ́ kọ̀ǹpútà. Georges Méliès, apidán ará Faransé, ti lo ọ̀kan lọ́dún 1896: gbé kámẹ́rà sójú kan, má ṣe jẹ́ kó mira, ya òṣèré, dúró, jẹ́ kó kúrò níbẹ̀, kó o sì máa yà á lọ. Lójú ẹni tó ń wò ó, ńṣe lèèyàn pòórá. Àwọn tó dàgbà sídìí fíìmù Yorùbá mọ èyí dáadáa, nítorí bí bàbá onífìlà ṣe máa ń fi àféèrí pòórá nínú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nìyẹn.

Àféèrí yẹn tún mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ irú eré yìí kò ní láti yá agbára lọ́wọ́ òyìnbó. Egbé ń gbé èèyàn kúrò nínú ewu, ọ̀ǹdè ń dáàbò boni, kò sì sí oògùn tí kò ní èèwọ̀. Èèwọ̀ ni ìṣúra tó wà níbẹ̀ fún òǹkọ̀wé aláwàdà. Egbé tó jẹ́ pé Ọ̀ffà nìkan ló mọ ọ̀nà rẹ̀, tí ẹni tó ń lò ó sì ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ l'Ábùjá láago mẹ́sàn-án, ti di odindi ìran eré. Ṣùgbọ́n Ìlọrin jẹ́ ìlú àwọn àlùfáà, ọ̀pọ̀ ilé ni wọn kò ti ní í fi oògùn ṣàwàdà. Òǹkọ̀wé tó bá mọ ìlú rẹ̀ lè jẹ́ kí agbára náà ti ibòmíràn wá, bóyá láti ara jẹnẹrétọ̀ tó gbá a níná.

Àpẹẹrẹ ilé kò sì jìnnà. Òtòṣì tí ìyà jẹ dé ẹnubodè ọ̀run, tí wọ́n ní kó padà sáyé, ni Moses Ọláìyá, ìyẹn Bàbá Sàlá, fi pa ayé lẹ́rìn-ín nínú Ọ̀run Móoru lọ́dún 1982. Ẹ̀rín náà parí sí ẹkún fún un. Àwọn onífíìmù ayédèrú ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n tà á káàkiri, gbèsè sì wọ ọrùn bàbá náà. Kò yẹ kí ẹni tó bá yáwó ṣe fíìmù gbàgbé ìyẹn, nítorí bí ẹ̀dà bá jáde lórí fóònù lónìí, alẹ́ ọjọ́ kan ni yóò fi kárí ayé.

Níbo wá lowó ń lọ? Oúnjẹ àti ọkọ̀ àwọn òṣèré ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́, lẹ́yìn náà ni ohùn. Ẹ̀bi ohùn lọ̀pọ̀ fíìmù olówó péréte fi ń já èèyàn kulẹ̀, kì í ṣe àwòrán. Èèyàn á fara da àwòrán tó ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá gbọ́ àwàdà, ta ni yóò rẹ́rìn-ín? Ní Ìlọrin, ẹni tó bá fẹ́ ya eré nítòsí Ọjà Ọba ní láti mọ àkókò ìrun márààrún sórí, kó fi í ṣètò iṣẹ́, kó sì bá àwọn tó ní jẹnẹrétọ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Robert Rodriguez, tó ṣe El Mariachi pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún méje dọ́là, fíìmù tó jáde lọ́dún 1992, kò gba ohùn pọ̀ mọ́ àwòrán rárá. Ó ya àwòrán tán, ó ní kí òṣèré tún ọ̀rọ̀ náà sọ sínú ẹ̀rọ ìgbóhùn lójú ẹsẹ̀, ó sì tò wọ́n pọ̀ nígbẹ̀yìn. Apá kan owó yẹn, ibi tí wọ́n ti ń dán oògùn tuntun wò lára èèyàn ló ti rí i. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni. Àgùnbánirọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san N77,000 fún lóṣù lọ́dún 2025 lè mọ ohun tó gbé e débẹ̀, bí kò tilẹ̀ yẹ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé e.

Òfin náà wà níbẹ̀. Láti ọdún 1993 ni àjọ tó ń yẹ fíìmù wò lórílẹ̀-èdè yìí ti wà, ọ̀dọ̀ wọn ni fíìmù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà kọjá kí wọ́n tó tà á tàbí kí wọ́n tó gbé e fún èrò. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti ọdún 2022 gbà kéèyàn fi iṣẹ́ ẹlòmíì ṣe ẹ̀fẹ̀ dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n orúkọ Superman àti àmì tó wà láyà rẹ̀ ní olówó. Orúkọ tuntun dín wàhálà kù, ó sì máa ń pani lẹ́rìn-ín jù.

Ohun tó ń pa iṣẹ́ wọ̀nyí jù kò sí nínú òfin. Àwọn tó ń ṣe eré nípa ìnira ọ̀dọ́ wà nínú ìnira ọ̀hún fúnra wọn. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ń ráyè, oṣù mẹ́jọ ni wọ́n á fi ya eré ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, akọni á sì ríṣẹ́ l'Ábùjá nígbà tó ku ìran méjì. Inú gbogbo ẹgbẹ́ á dùn sí i, wọn kò sì ní í mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n fi ń kọ́kọ́ ya gbogbo ìran akọni, tí wọ́n sì ń fi ìbòjú bò ó lójú: bó bá lọ tán, ẹlòmíì lè wọ aṣọ náà.

Ní Malegaon, kò sí ẹni tó lè bá Shafique wọ tirẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ náà ni àrùn jẹjẹrẹ pa á. Lọ́dún 2024, Reema Kagti fi ìtàn rẹ̀ àti ti Nasir ṣe Superboys of Malegaon, fíìmù olówó gidi, tí òṣèré gidi sì ṣe Shafique nínú rẹ̀.