Ìwé Alàwòrán Láàárín Ìyá-àgbà àti Ọmọ-ọmọ tí ó Jìnnà

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí àjò ńkọ́, tí kò tilẹ̀ mọ ilé tí à ń wí? Àwọn ọmọ Ẹ̀rínjẹ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wà ní Èkó, wọ́n wà ní òkè òkun, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń bímọ sí. Ìyá-àgbà wà ní ilé. Bí tẹlifóònù bá dún, òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò kí ara wọn dáadáa, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ yóò tán. Kì í ṣe pé ìfẹ́ kò sí. Ohun tí wọn yóò jọ máa sọ ni kò sí. Ìwé alàwòrán lè di ohun náà.

Fífi ohun tí ojú rí bá ẹni tí ó jìnnà sọ̀rọ̀ kì í ṣe nǹkan àjèjì sí Yorùbá. Kí ìwé tó dé ni àrokò ti wà. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ń wí pé ọkàn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ fà sí ẹni tí yóò gbà á, nítorí pé ẹ̀fà àti fífà dún bákan náà létí. Mẹ́jọ ń wí pé àwọn méjèèjì jọ jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tí ó gbà á ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán rí: kì í bi ẹni tí ń wò ó bóyá ó mọ̀wé.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ń jáde. Atinuke, tí a bí ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ìtàn Anna Hibiscus ní 2007. Lauren Tobia ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ní 2010, Anna rìnrìn àjò láti Áfíríkà lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Kánádà. Ní ọdún yẹn kan náà ni Lọlá Ṣónẹ́yìn gbé Mayowa and the Masquerades jáde: ọmọ tí kò fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá-àgbà rẹ̀ rí ọ̀rẹ́ níbẹ̀, ó sì wo egúngún.

Àwọn ìwé wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ wọ́n. Yorùbá àjùmọ̀lò tí a ń kọ́ ní ilé-ìwé pàápàá kì í ṣe ohùn ìyá-àgbà Ẹ̀rínjẹ gan-an. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, “ẹ wá” yàtọ̀ sí “wọ́n wá”. Nínú àwọn ẹ̀ka-èdè gúúsù-ìlà-oòrùn, tí Ìkálẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, àwọn onímọ̀ èdè fi hàn pé gbólóhùn kan, “àn án wá”, ni ó ń ṣiṣẹ́ méjèèjì. Ọmọ tí kò gbọ́ irú èyí rí lè rò pé ìyá-àgbà ṣi ọ̀rọ̀ sọ, bẹ́ẹ̀ èdè ìran rẹ̀ ni ó ń sọ.

Nítorí náà, ìwé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ ni ó yẹ jù. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ọmọ, kí èkejì wà lọ́wọ́ ìyá-àgbà. Kí ojú ìwé kan fi pupuru hàn: ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sínú omi títí ó fi kan, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a mọ róboróbo, tí a sì gbé sókè iná kí èéfín gbẹ ẹ́. Bí ọmọ bá béèrè pé, “Ìyá àgbà, kí ni wọ́n ń ṣe níbí?” ìyá-àgbà kò ní wá ọ̀rọ̀ tì. Yóò sọ bí a ti ń ṣe é, yóò sọ ẹni tí ó kọ́ ọ, ní Ìkálẹ̀, láìjẹ́ pé ó ka lẹ́tà kan.

Àwọn kan lè wí pé tẹlifóònù tí ń fi ojú hàn ti tó. Òótọ́ ni pé ó ń fi ojú han ojú. Ṣùgbọ́n ojú nìkan kì í pẹ́ di ìtàn. Ìwé lè dúró de ọmọ títí di ọjọ́ mìíràn. Ìyá-àgbà kò lè dúró bẹ́ẹ̀ títí láé. Ohun tí ọmọ kò bá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nísinsìnyí, kò sí àwòrán kan tí yóò sọ ọ́ fún un lẹ́yìn ọ̀la.