Ta Ni Yóò Jókòó Sórí Àga Náà Lọ́la?

Bí a bá wọ Assigamé, ọjà ńlá Lomé, láàárọ̀ ọjọ́ kan, a kò ní rí oníṣòwò aṣọ tí kò mọ iye ìgàn àǹkárá tí ó wà nínú ìsọ̀ rẹ̀. Ó mọ èyí tí ń tà, ó mọ èyí tí eruku ti bò, ó sì mọ ọjọ́ tí ẹrù tuntun yóò ti èbúté wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé: “Màmá, bí ara yín kò bá dá fún oṣù mẹ́ta, ta ni yóò máa ṣí ìsọ̀?” Kíá ni ọ̀rọ̀ yóò di àdúrà. Wọn yóò ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a rí i. Àwa náà yóò ṣe àmín, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀.

Ìbéèrè yẹn gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń gba àwọn ògbóǹtarìgì síṣẹ́ láti dáhùn. Ètò òṣìṣẹ́ ni iṣẹ́ náà: kí a ka iye ènìyàn tí iṣẹ́ yóò nílò ní ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún sí i, kí a ka iye tí a ní, kí a yọ àwọn tí yóò fẹ̀yìn tì àti àwọn tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n lọ, kí a sì wá bí a ó ti dí àlàfo náà. Ọ̀nà tí a lè gbà dí i kò pọ̀: kí a kọ́ ọmọ ilé níṣẹ́, kí a gba àlejò, tàbí kí a yá ènìyàn lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ecobank, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní ìlú wa níhìn-ín. Ọdún 1985 ni a dá a sílẹ̀. Lára àwọn tí ó ṣe agbátẹrù rẹ̀ ni Gervais Koffi Djondo, ọmọ Tógò, àti Adeyemi Lawson láti Nàìjíríà. Ní 1988 ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún oníbàárà, ó sì ti tàn dé orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó ju 30 lọ. Arnold Ekpe, ẹni tí ó darí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, fi ipò sílẹ̀ ní ìparí 2012. Àlejò ni wọ́n mú wá rọ́pò rẹ̀: Thierry Tanoh, tí ó ti International Finance Corporation wá. Kò pẹ́ tí àríyànjiyàn ńlá fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ olùdarí. Ní oṣù kẹta 2014, ó kúrò. A kò jókòó láti dá ẹjọ́ náà. Ohun tí ó kàn wá ni pé àga kò ṣófo lọ́jọ́ tí ó lọ. Albert Essien, ọmọ Gánà tí ó ti wà nínú báńkì náà láti 1990, ti mọ gbogbo igun ilé. Òun ni wọ́n fi síbẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kejì. Ilé náà ní ìlànà pé ọ̀gá àgbà yóò fẹ̀yìn tì bí ó bá pé ẹni 60 ọdún. Essien pé 60 ní 2015, ó lọ. Adé Ayéyẹmí, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Citigroup, ni ó gba àga lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà pé 60. Nígbà tí ó sì di 2023, Jeremy Awori ti jókòó. (Orúkọ náà jọ ti Àwórì wa, ṣùgbọ́n ọmọ Kẹ́ńyà ni.) Lójú tiwa, ìlànà kékeré yìí níye lórí ju ọ̀pọ̀ ìwé ètò lọ. Níbi tí a ti mọ ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, kò sí àgbà tí yóò rò pé ikú òun ni a ń wá bí a bá bèèrè arọ́pò rẹ̀.

Nígbà mìíràn, ayé kì í dúró dè wá kí a kọ́ ọmọ ilé. Awakọ̀ òfurufú kì í jáde láàárín oṣù mẹ́fà. Nígbà tí ASKY bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Lomé ní 2010, Ethiopian Airlines, tí ó ní ìpín nínú rẹ̀, ni ó gbára lé fún ìṣàkóso àti ìmọ̀ iṣẹ́. Yíyá ni ìyẹn, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ pẹ̀lú ń yí ìṣirò padà. Láti ìgbà tí Ecobank ti gbé áàpù orí fóònù jáde ní 2016, ẹni tí ó lè fowó ránṣẹ́ láti ilé kì í tún lọ tò sórí ìlà. Kí ọ̀dọ́ tí ń kẹ́kọ̀ọ́ láti máa ka owó lẹ́yìn kọ́ńtà ro èyí dáadáa. Èdè náà ńkọ́? Ilé tí ń ṣòwò ní Lomé, ní Accra àti ní Èkó ń wá ẹni tí yóò gbọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ wa tí ó tún gbọ́ Yorùbá kò mọ iye ohun tí ó wà lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìjì lè jà lu ètò tí ó dára. Àwọn Nana Benz, àwọn ìyá tí wọ́n fi òwò àǹkárá Họ́láàńdì ra ọkọ̀ Mercedes, kì í ṣe aláìnírònú. Wọ́n rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, àwọn mìíràn títí dé Yúróòpù. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbòò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1992, ó sì ti ọjà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní oṣù kìn-ín-ní 1994, wọ́n gé iye owó CFA sí ìdajì, aṣọ òkèèrè sì wọ́n gógó. Lẹ́yìn náà ni àǹkárá Ṣáínà dé, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n ń pè ní Nanettes sì wọ ọkọ̀ òfurufú lọ rà á níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ní oṣù kìn-ín-ní 2013, iná jó ilé ọjà náà. Iṣẹ́ tí ìyá lè fi kọ́ ọmọ ní 1980 kọ́ ni ọjà ń bèèrè lọ́wọ́ ọmọ ní 2010.

Ní ti àwa Yorùbá Lomé, a ní ètò tiwa tí ó ti wà kí báńkì tó dé: ìkọ́ṣẹ́. Ọmọ yóò wá gbálẹ̀, yóò kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, a ó sì ṣe libération fún un pẹ̀lú ìlù, àtíkè yóò sì funfun lọ́rùn rẹ̀. Ètò dáadáa ni. Ibi tí ó ti ń jò ni pé ọjọ́ òmìnira náà ni ọjọ́ ìjádelọ. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ti lọ ṣí ìsọ̀ tirẹ̀ ní Bè tàbí ní Adidogomé. Ọmọ bíbí inú, tí yóò jogún ìsọ̀, wà ní yunifásítì. Kò mọ oníbàárà, kò mọ ẹni tí ó jẹ gbèsè, kò sì mọ ẹni tí a jẹ. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni mú ọmọ kúrò níwèé. Ọjọ́ Sátidé kan lọ́sẹ̀ nínú ìsọ̀ kò lè ba ìwé jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a lè bẹ ọmọṣẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ pé kí ó dúró ní ọdún méjì sí i, kí a sì fún un ní ìpín nínú èrè, kì í ṣe owó ọkọ̀ lásán.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ bá wa bi Màmá ní ìbéèrè mìíràn, tí kò ní di àdúrà: kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ kejì, ọwọ́ ta ni ó wà?