Bí Lọ́yà Bá Jẹ Owó Oníbàárà, Ibo Ni Ẹ̀sùn Ń Lọ?

Àwọn kan ní Kabba àti ní ilẹ̀ Okun yòókù rò pé àjẹgbé ni owó oníbàárà tí lọ́yà bá jẹ. Òfin kò wí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ní àgbẹ̀ kan jàre ẹjọ́ ilẹ̀, tí wọ́n sì san owó gbà-má-bínú rẹ̀ fún lọ́yà, ṣùgbọ́n tí owó náà kò dé ọwọ́ àgbẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ amòfin ní lọ́yà gbọ́dọ̀ tètè jíṣẹ́ irú owó bẹ́ẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dà á pọ̀ mọ́ tirẹ̀.

Kí àgbẹ̀ náà kọ ìwé ẹ̀sùn sí Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà, NBA, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá. Kí ó kọ orúkọ lọ́yà, iye owó àti ọjọ́ sí i, kí ó sì fi ẹ̀dà rìsíìtì tì í. Ẹni tí kò mọ̀wé lè ní kí ọmọ rẹ̀ bá òun kọ ọ́.

Lọ́yà náà yóò wí tẹnu rẹ̀. Bí ẹ̀sùn bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń bá amòfin wí, LPDC. Òfin ọdún 1975 fún ìgbìmọ̀ yìí lágbára láti kìlọ̀ fún lọ́yà, láti dá a dúró fún ìgbà kan, tàbí láti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn amòfin. Ní ọdún 2005, Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ fọwọ́ sí yíyọ lọ́yà kan tó ná owó oníbàárà.

Ṣùgbọ́n pé ẹjọ́ dáni lẹ́bi kò sọ lọ́yà di ọ̀dàlẹ̀. Kòtẹ́milọ́rùn ló wà fún ìyẹn. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má sanwó láìgba rìsíìtì.