Ẹ̀san Láàrin Ọbàkan: Sinimá Káòbọ́ì Tí Ọmọ Wa Ṣe ní Òkè Òkun

Ní ayé ìgbà tí àwọn baba wa ń sanwó wo sinimá ìbọn àti ẹṣin l'Ékòó Akéte, ilé ọgbọ́n, ojú òyìnbó nìkan ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń hàn lábẹ́ àkẹtẹ̀ káòbọ́ì. Bẹ́ẹ̀ àwọn òpìtàn fojú díwọ̀n rẹ̀ pé, nínú àwọn tí ó ń da màlúù kọjá pápá Texas lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tí ó parí ní ọdún 1865, bí a bá ka mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ ènìyàn dúdú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já okùn ẹrú lọ́rùn rẹ̀, tí ó sì ti mọ màlúù í tọ́jú láti oko olówó rẹ̀ wá. Ẹni tí ó fi gbogbo agbára dá irú wọn padà sójú agbo kì í ṣe ará Amẹ́ríkà. Jeymes Samuel ni, ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí gbòǹgbò ìdílé rẹ̀ wà ní Nàìjíríà, àbúrò olórin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Seal, ẹni tí Olúṣẹ́gun, Olúmìdé àti Adéọlá wà nínú àwọn orúkọ tí a sọ ọ́.

Àwa tí a ń gbé Alímọ̀ṣọ́, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá títí kan Ìgàndò, níbi tí fóònù ti di ilé sinimá fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa, nítorí ìfẹ́ tí a ní sí ìtàn orí ẹṣin kò kéré: ní oṣù kẹrin ọdún 2022 ni King of Thieves tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé jáde, nínú èyí tí Agẹṣinkólé ti ń da ìlú Ajérọ̀mí láàmú, bọ́ sí ilé sinimá, owó tí ó pa sì lé ní 300 mílíọ̀nù náírà.

The Harder They Fall ni Samuel pe sinimá tirẹ̀. Ó ti ń ro ó tipẹ́, nítorí ní ọdún 2013 ni ó ti kọ́kọ́ ṣe kékeré kan, They Die by Dawn, nínú èyí tí Erykah Badu ti ṣe Mary awakọ̀-ẹṣin. Òun àti Boaz Yakin ni wọ́n jọ kọ ti ńlá yìí, Jay-Z sì wà nínú àwọn tí ó gbé e jáde. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣetán ní New Mexico ní oṣù kẹta ọdún 2020, àrùn kòrónà dé, ó mú òṣèré Idris Elba fúnra rẹ̀, iṣẹ́ dáwọ́ dúró títí di oṣù kẹsàn-án. Láàrin àkókò náà ni òṣèré Chadwick Boseman kú. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sára ọkọ̀ ojú irin inú eré náà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni wọ́n fi eré náà ṣí àjọ̀dún sinimá Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ó dé orí Netflix.

Ìtàn náà rọrùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Rufus Buck, tí Elba ṣe, wọ ilé pásítọ̀ kan, ó pa á, ó pa ìyàwó rẹ̀, ó sì fi ọ̀bẹ gbẹ́ àgbélébùú sí iwájú orí ọmọ wọn. Ọmọ náà, Nat Love, dàgbà di akínkanjú alágbára ìbọn, nítorí àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó parí sí, a ì bá wò ó tán, a ì bá dìde, nítorí irú rẹ̀ ti pọ̀ jù lọ́jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nat bá Rufus nígbẹ̀yìn, tí irin Ògún, lákáayé ọ̀ṣìnmọlẹ̀, ti mu ẹ̀jẹ̀ tó, ni Rufus tú àṣírí pé baba kan náà ni ó bí àwọn méjèèjì, pé baba yìí, kí ó tó di oníwàásù, ti pa ìyá Rufus, àti pé ìyà náà ni òun wá gbà padà ní ilé tí Nat ti mọ̀ sí ilé àlàáfíà. Ọbàkan ni ó ń dọdẹ ọbàkan láti ọjọ́ yìí wá. Nat sunkún, ó sì yin ìbọn náà. Níhìn-ín ni mo rò pé Samuel ti fi hàn pé òun mọ ohun tí ẹbí jẹ́: ẹni tí a ṣẹ̀ náà ni ó tún ṣẹ ẹlòmíràn, ẹni tí ó sì borí ní ìkẹyìn pàdánù ẹnì kan ṣoṣo tí ó kù fún un nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Àwọn alárìíwísí yin àwọn òṣèré àti orin, wọ́n sì wí pé ẹwà aṣọ àti àwọ̀ bo ìtàn mọ́lẹ̀ níbòmíràn. BAFTA fún Samuel ní ẹ̀bùn ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú ní ọdún 2022. Ẹ̀sùn tí ó wúwo jù ni ti Mary Fields, Mary awakọ̀-ẹṣin náà. Obìnrin dúdú kirikiri ni, ó síngbọnlẹ̀, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà tí ìjọba gbéṣẹ́ kíkó lẹ́tà fún un ní Montana ní ọdún 1895. Zazie Beetz, ọ̀dọ́mọbìnrin tín-ín-rín aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ni wọ́n fún ní ipò rẹ̀. Bí a kò bá rí àdán, a lè fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin dúdú tí ó lè ṣe Mary kún ìgboro, Danielle Deadwyler sì wà nínú sinimá kan náà. Beetz ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, n kò bá a jà. Ẹni tí ó kọ ọ́ síwájú sinimá pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí wà láyé rí ni mo bá wí, nítorí bí ó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó jẹ Mary ní ara tirẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀.

Rufus Buck gidi kò dàgbà tó Elba: ọ̀dọ́langba ni, wọ́n sì yẹgi fún òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin ní Fort Smith ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1896. Nat Love gidi, tí a bí sóko ẹrú ní Tennessee ní ọdún 1854, fi màlúù sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin. Òun náà lọ ṣe ìránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní ìwé ní ọdún 1907, ó sì kú ní ọdún 1921.