Scroll Saw: Ibi Tí Wọ́n Ń De Bíléèdì Mọ́ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹni tó bá fẹ́ ra scroll saw láti máa fi igi dárà nílé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè láti ibi tí kò tọ́. Yóò béèrè pé ínǹṣì mélòó ni. Yóò béèrè bó ṣe ń sáré sí. Àwọn tó ń tà á mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà méjèèjì gàdàgbà sára páálí. Lójú tèmi o, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: báwo ni wọ́n ṣe ń de bíléèdì mọ́ ọn, báwo ni wọ́n sì ṣe ń tú u? Ẹ̀rọ tí ìyẹn bá ṣòro lára rẹ̀, bó ti wù kó tóbi tó, kò ní pẹ́ tí yóò fi di ohun tí à ń kó ẹrù lé lórí.

Kì í ṣe jigsaw tí káfíńtà ń gbé kiri ni mo ń sọ. Ní ti jigsaw, igi ló dúró, ẹ̀rọ ló ń rìn lórí rẹ̀. Scroll saw ní tiẹ̀ dúró gbọin lórí tábìlì, ọwọ́ yín méjèèjì lẹ ó fi máa darí pákó sí i lẹ́nu. Bíléèdì rẹ̀ gùn tó ínǹṣì 5, òmíràn sì tín-ín-rín débi pé agbára káká lojú fi ń rí eyín rẹ̀. Wọ́n de orí rẹ̀ mọ́ apá òkè, wọ́n de ìdí rẹ̀ mọ́ apá ìsàlẹ̀, ó sì ń lọ sókè sódò. Títínrín yẹn ló jẹ́ kí ẹ lè yí pákó po lójú kan náà, kí ẹ gé igun tó mú ṣóńṣó, irú èyí tí jigsaw kò ní gbìyànjú rẹ̀ láé.

Ẹ̀rọ mẹ́ta ni mo fẹ́ gbé síra wọn, torí ìpele owó mẹ́ta ni wọ́n dúró fún: WEN 3921, tó wà fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, DeWalt DW788, tó wà láàárín, àti Excalibur EX-21, tí àwọn tó ti jinlẹ̀ nínú iṣẹ́ náà máa ń wá. Lọ́jà Amẹ́ríkà, DeWalt wọ́n ju WEN lọ fíìfíì, Excalibur sì tún wọ́n jù ú lọ dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká fi pátákó orúkọ gbé wọn yẹ̀ wò, nítorí ó wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń gé. Ẹ kọ Adébọ́lá sórí pákó. Lẹ́tà A ní ihò nínú, d ní, é ní, b ní, ọ́ ní, á tó gbẹ̀yìn náà ní. Lẹ́tà l nìkan ni kò ní. Ihò mẹ́fà nìyẹn, kò sì sí èyí tí ayùn lè gba ẹ̀gbẹ́ pákó dé inú rẹ̀ láìba lẹ́tà jẹ́. Dírílì lẹ ó fi lu ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó tú orí bíléèdì, ẹ ó kì í bọ ihò, ẹ ó dè é padà, ẹ ó fà á le, ẹ ó gé ihò náà tán, ẹ ó sì tún tú u. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, fún orúkọ kan péré. Bí títú àti dídè bá ń gba ìṣẹ́jú méjì lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú 12 ti lọ láìgé nǹkan kan. Bó bá jẹ́ ìdajì ìṣẹ́jú ni, ìṣẹ́jú 3 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wá wo ẹni tó fẹ́ gé àwòrán eléwé àti òdòdó tó ní ọgọ́rùn-ún ihò. Ní ti àmì ohùn àti ti àmì tó wà lábẹ́ ọ, jíjá ni wọn yóò já bọ́ àfi bí ẹ bá fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ so wọ́n mọ́ lẹ́tà wọn, tàbí kí ẹ lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ pákó mìíràn. Àwọn tó ń ya àwòṣe lẹ́tà tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí kò ro tiwa mọ́ ọn rárá.

Oríṣi bíléèdì méjì ló wà. Ọ̀kan ní irin kékeré tó dábùú orí àti ìdí rẹ̀. Ẹ kàn máa fi kọ́ ẹnu ìkọ́ ni, ó parí. Ìkejì kò ní irin kankan, pẹrẹsẹ ni orí àti ìdí rẹ̀, síkúrúù ló sì ń há a mọ́ àárín irin méjì. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ a máa fẹ́ràn onírin torí pé ó rọrùn láti fi kọ́, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń kó sí wàhálà. Irin tó dábùú yẹn gbọ́dọ̀ gba inú ihò kọjá, nítorí náà ihò náà ní láti fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 5. Inú é kékeré kò gba ìyẹn. Aláìnírin, ihò tó fi díẹ̀ ju mìlímítà kan lọ ti tó o. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó mọ bíléèdì í ṣe, bíi Pégas ti Switzerland, Flying Dutchman tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì àti Olson ti Amẹ́ríkà, orí aláìnírin ni wọ́n ti ń dárà jù. Ẹ̀rọ tó bá jẹ́ pé onírin nìkan ló ń gbà, ẹ má rà á, bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ ta á fún yín ní ẹ̀dínwó.

WEN gba oríṣi méjèèjì, mo sì gbóríyìn fún un, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ kéré kì í ṣe bẹ́ẹ̀. DeWalt àti Excalibur kò dá onírin mọ̀. Ibi tí WEN ti kù díẹ̀ káàtó ni pé síkúrúù rẹ̀ kéré, àyè tí ìka fi ń wọlé sí i há, ẹni tó bá sì ní ọwọ́ ńlá yóò máa ráhùn nígbà tó bá fi máa di ihò kẹrin. Ti DeWalt kò nílò sípánà, kókó tí à ń yí níbẹ̀ sì tó ọwọ́ mú. Ohun tó wù mí jù lára rẹ̀ ni pé súwíìṣì, ohun tí à ń fi fa bíléèdì le àti èyí tí à ń fi dín eré kù, gbogbo rẹ̀ ló wà níwájú apá òkè, ní ibi tí ọwọ́ ti lè dé e láìdìde. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó kékeré, ẹ̀yìn ni ohun tí à ń fi fa bíléèdì le wà. Ẹ ó máa na ọwọ́ kọjá orí iṣẹ́ yín nígbà gbogbo. Excalibur ló ju gbogbo wọn lọ níhìn-ín, torí pé apá òkè rẹ̀ ṣeé gbé sókè, kó sì dúró síbẹ̀. Ẹ ó wá fi sùúrù sọ pákó kalẹ̀ láti òkè, kí bíléèdì gba inú ihò yọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń bá yín di nǹkan mú.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé bíléèdì le tó ni kí ẹ fi ìka ta á: kó dún gooro bí okùn jìtá. Èyí tó bá dẹ̀ yóò máa yà kúrò lójú ìlà. Bó tilẹ̀ le dáadáa, yóò ṣì máa yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún díẹ̀, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe eyín rẹ̀ máa ń mú kí ẹ̀gbẹ́ kan mú ju èkejì lọ. Àwọn kan ti dá ẹ̀rọ padà fún ẹni tó tà á nítorí èyí, wọ́n rò pé ó bàjẹ́ ni. Pákó lẹ ó kàn dorí rẹ̀ kọ apá kan díẹ̀.

Lẹ́yìn bíléèdì, ohun tó kàn ni gbígbọ̀n. Apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ tó gùn tó ń lọ sókè sódò ní ìgbà 1,600 láàárín ìṣẹ́jú kan ò lè ṣe kó má mi tábìlì. Bí WEN àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí nìyẹn: apá méjèèjì ló ń mì láti ẹ̀yìn dé iwájú. Ti DeWalt yàtọ̀. Irin inú apá rẹ̀ ń lọ síwájú sẹ́yìn ni, kìkì irin kúkúrú tó wà níwájú ló ń lọ sókè sódò, èyí tó ń jù kò sì wúwo. Ẹ tún fi kún un pé òun fúnra rẹ̀ wọ̀n tó kílò 25, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì WEN. Ìwọ̀n yìí kò ní wu ẹni tó fẹ́ gbé e gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àmọ́ ọwọ́ tó ń tẹ̀ lé ìlà tín-ín-rín yóò dúpẹ́. Ẹni tó bá ra WEN lè fi bóòtù de ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ tábìlì onígi tó nípọn. Ìyàtọ̀ tó máa rí yóò yà á lẹ́nu.

Ti ínǹṣì tí wọ́n ń polówó yẹn, 16 fún WEN, 20 fún DeWalt, 21 fún Excalibur, àyè tó wà láàárín bíléèdì àti ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni. Pákó tí ẹ bá fẹ́ yí po kò gbọdọ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ojú bíléèdì sí ìpẹ̀kun rẹ̀. Ẹ̀rọ 16 yóò gba pátákó orúkọ, eré ìsọgipọ̀ ọmọdé àti férémù fọ́tò láìjanpata. Ní ti eré, WEN ń lọ láti 400 dé 1,600 láàárín ìṣẹ́jú, DeWalt láti 400 dé 1,750: ìyàtọ̀ tí ojú kò rí. Ohun tí wọn kì í kọ gàdàgbà ni bí bíléèdì ṣe ń rìn jìnnà tó lẹ́ẹ̀kan. Ti DeWalt jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínǹṣì, ti WEN kò tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó rìn jìnnà ń lo eyín púpọ̀ sí i, ó ń kó èérún igi jáde dáadáa, bíléèdì kò sì ní tètè kú.

Gígé dẹ̀gbẹ́ ni gbogbo ìdí tí Excalibur fi wọ́n. Lára WEN àti DeWalt, tábìlì ni à ń tẹ̀, pákó a sì fẹ́ máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Lára Excalibur, orí ẹ̀rọ ni ó ń tẹ̀, dé dìgírì 45 sí apá kan àti 30 sí apá kejì, tábìlì ò yẹ̀ lójú ibi tó wà. Ẹni tó ń gé òrùka igi tó ń tò wọ́n léra di àwo, tàbí tó ń fi igi aláwọ̀ kan há inú òmíràn, yóò rí i pé owó náà tọ́. Àwọn yòókù lè má tẹ tábìlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ọdún.

Igi wa náà ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Arère rọ̀, bíléèdì ń gba inú rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, òun ni kí ẹ fi kọ́ṣẹ́. Ìrókò máa ń ní ohun líle bí òkúta ẹfun nínú, èyí tó ń pa eyín bíléèdì lójijì, eruku rẹ̀ sì ń fín ọ̀pọ̀ èèyàn nímú. Ìfẹ́fẹ́ kékeré tó wà lára gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí, kí ìlà lè hàn ló wà fún, ó sì lè fẹ́ eruku náà sí yín lójú. Ẹ bo imú yín. Bí ẹ bá ń gé pílááwúùdù, ẹ wá bíléèdì tí eyín díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ dorí kọ òkè, kó má baà ya ẹ̀yìn pákó.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná, ibi tí ẹni tó wà nílé ti lè pàdánù owó rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. WEN àti DeWalt tí ìbátan yín bá rà ní Amẹ́ríkà, fólìtì 120 ni wọ́n ń jẹ, ti Nàìjíríà sì jẹ́ 230. Ẹ̀rọ tí ẹ kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ yóò jóná. Tàráńsífọ́mà tó ń dín iná kù ni ojútùú rẹ̀, kò sì ní láti tóbi, torí DeWalt kò jẹ ju wáàtì 160 lọ. Ínfátà kékeré pàápàá lè gbé e. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí eré rẹ̀ kò ṣeé yí padà ni kí ẹ ṣọ́ra fún: tàráńsífọ́mà kò lè sọ 50 Hz tiwa di 60 Hz ti Amẹ́ríkà, nítorí náà yóò máa rọra lọ ju bó ṣe yẹ, yóò sì máa gbóná. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbogbo ìyọnu yìí lè wá Proxxon DS 460 ti Jámánì, tí àyè rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 460, tí ó sì ń jẹ iná irú tiwa. Eré méjì péré ló ní, 900 àti 1,400, mi ò sì rò pé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń fún ẹnìkan nímọ̀ràn, tí kò tíì mọ̀ bóyá yóò nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà, WEN ni n óò ní kó rà, kó fi bóòtù dè é mọ́lẹ̀, kó má sì fọwọ́ kan bíléèdì onírin tó bá a wá. Ẹni tó ti mọ̀ pé òun kò ní fi í sílẹ̀ ni kó wá DeWalt, tòkunbọ̀ pàápàá dára, bí apá rẹ̀ kò bá mì jẹgẹjẹgẹ nígbà tó bá fọwọ́ mì í láìtan iná. Àwọn méjèèjì, kí wọ́n ya owó bíléèdì sọ́tọ̀ kí wọ́n tó sanwó ẹ̀rọ: dọ́sìnnì-dọ́sìnnì ni wọ́n ń tà á, nọ́ńbà 5 fún pákó tó nípọn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínǹṣì, nọ́ńbà 2 tàbí 3 fún èyí tó fẹ́lẹ́. Kí wọ́n ka dọ́sìnnì náà sí ohun tó ń tán, torí bíléèdì kan lè má gé ju bí ìdajì wákàtí lọ kó tó kú.