Bí ẹ ṣe lè mú kí àwòrán fídíò máa mì bí omi láì ba ojú èèyàn jẹ́

Bẹ́ ẹ bá ń wo fíìmù Yorùbá dáadáa, ẹ ti rí i rí: ẹnì kan jókòó, ó ń ronú, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí ojú omi tí wọ́n sọ òkò sí, ìgbà tó fi máa dúró, a ti padà sí ogún ọdún sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé fún wa pé ìrántí ni, ojú wa ti mọ̀ ọ́n. Nínú Adobe Premiere Pro àti After Effects, Wave Warp lorúkọ ohun tó ń ṣe é. Nínú Premiere, ẹ wọ Effects, ẹ ṣí Video Effects, lẹ́yìn náà Distort, kẹ́ ẹ wá fà á lé orí fídíò yín. Ìyẹn ò le. Ibi tí iṣẹ́ wà ni àwọn nọ́ńbà tó máa jáde nínú Effect Controls, torí ọ̀pọ̀ ló kàn ń fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ rédíò, ọ̀rọ̀ ìgbì ò yẹ kó ṣàjèjì sí yín. Ìgbì ní gíga, ó sì ní fífẹ̀, ìyẹn àyè láti orí ìgbì kan dé orí èyí tó tẹ̀ lé e. Iléeṣẹ́ rédíò tó bá wà lórí 100 FM, ìgbì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 3 nínú afẹ́fẹ́. Nínú Premiere, Wave Height ni gíga, Wave Width ni fífẹ̀, àmọ́ píksẹ́lì la fi ń wọ̀n wọ́n, ìyẹn àwọn tótòtó kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Height máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 10, Width ní 40.

Width 40 yẹn gan-an ni mi ò fara mọ́. Lórí fídíò tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 1920, ìgbì 48 ló máa tò láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ojú èèyàn á wá rí ségesège bíi páànù òrùlé. Nínú fídíò ìsìnkú, níbi tí wọ́n gbé fọ́tò màmá tó lọ sí, ìyẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ mọ́, àbùkù ni. Àwọn ọmọ tó sanwó iṣẹ́ ò sì ní bá kọ̀ǹpútà jà, ẹni tó ṣe fídíò ni wọ́n máa wá. Níbikíbi tí ojú èèyàn bá ti wà, ẹ gbé Width lọ sí 300 sí 500, kẹ́ ẹ dín Height kù sí 5 tàbí 8. Àwòrán á máa mì, àmọ́ imú á dúró sáàyè imú. Tó bá jẹ́ 4K tó fẹ̀ ní 3840, ẹ sọ nọ́ńbà méjèèjì di ìlọ́po méjì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ etí àwòrán. Bí ìgbì bá ń tì í sókè sódò, àlà dúdú lè yọ níbi tí àwòrán ti kúrò. Pinning ló ń tọ́jú ìyẹn. Ẹ yí i láti None sí All Edges, etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á dúró gbọin. Tó bá jẹ́ àsíá lẹ fẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́, Left Edge ni kẹ́ ẹ mú, torí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n so mọ́ òpó kì í fò. Direction 90° á darí ìgbì lọ sápá ọ̀tún, 180° á darí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ní ti Wave Type, Sine ló jọ omi. Square máa ń gé àwòrán jánjàn-jánjàn bíi tẹlifíṣọ̀n tí eriali rẹ̀ ti yẹ̀, ó sì dáa bó bá jẹ́ ohun tẹ́ ẹ ń wá nìyẹn.

Fún ìrántí inú fíìmù, ẹ má fi Wave Warp sórí fídíò kọ̀ọ̀kan. Ẹ na Adjustment Layer kan sórí ibi tí fídíò méjèèjì ti pàdé, kẹ́ ẹ fi Cross Dissolve sí ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi keyframe gbé Height láti 0 lọ sí bíi 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kẹ́ ẹ tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ padà sí 0. Ìgbà tí ìgbì bá ga jù lọ ni kí àwòrán kan wọnú èkejì.

Wave Speed ń rìn fúnra rẹ̀, kò nílò keyframe. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó yára díẹ̀díẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan Speed yẹn o, torí ìgbì á máa fò ṣanṣan. Ẹ fi Speed sí 0, kẹ́ ẹ wá máa fi keyframe yí Phase, 360° ni ìgbì kan odidi.

Ẹni tí ò lówó Adobe lè lo Shotcut, ọ̀fẹ́ ni, Wave sì wà lára àwọn fílítà rẹ̀. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá lò, ẹ gé ìṣẹ́jú àáyá 10 jáde, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù ara yín lórí WhatsApp kẹ́ ẹ tó fún oníbàárà. WhatsApp máa ń fún fídíò pọ̀ kó lè kéré, àwòrán tí gbogbo ara rẹ̀ ń mì ló sì máa ń kọ́kọ́ fọ́ sí wẹ́wẹ́. Bó bá fọ́, ẹ dín Height àti Speed kù, kẹ́ ẹ tún un fi ránṣẹ́.